Jẹ́sì Tí Ọmọ Ìyá Aláta Rà Ní Kánádà: Ṣé Ọwọ́ Iginla Ni, Àbí Ọwọ́ Gbájú-ẹ̀?

Lẹ́tà kan wọlé sí wa láti Ìbàdàn. Ìyá kan tó ń ta ata àti tòmátò ní ọjà Bódìjà ló kọ ọ́, tàbí kí n kúkú sọ pé òun ló ń sọ ọ́ lẹ́nu tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ó bẹ̀ wá pé kí a má dárúkọ òun, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní ìsọ̀ má baà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà nìyí:

"Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, ẹ gbà mí o. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Calgary, ní ilẹ̀ Kánádà, ló ń tọ́jú owó tí a máa fi ra páànù sí ilé wa. Ọdún kẹta rèé tí ilé yẹn ti wà ní ògiri lásán tí òjò ń pa á. Àfi bó ṣe pè mí lọ́jọ́ kan tó ní òun ti fi 700 dọ́là ra aṣọ eré kan tí ẹnìkan ti fi gègé kọ nǹkan sí. Ó ní bí òun bá tún un tà, owó páànù àti owó ìlẹ̀kùn ló máa jáde níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí ọmọ mi pé? Ṣé ẹnìkan wà láyé yìí tó ń fi owó gidi ra aṣọ tí wọ́n ti fi bírò bà jẹ́?"

Kí n má purọ́, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ìlà tó kẹ́yìn lẹ́tà náà ni kò jẹ́ kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá ní: "Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé orúkọ tó wà lẹ́yìn aṣọ òyìnbó náà, orúkọ Yorùbá ni. IGINLA ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Ìyá ò ṣì í kà. Igi ńlá ni.

TA NI IGINLA?

Jarome Iginla lorúkọ ọkùnrin náà. Ìlú Edmonton ní Kánádà ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọdún 1977. Yorùbá láti Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Adékúnlé ni bàbá yìí ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, nígbà tó dé Kánádà ló sọ ara rẹ̀ di Elvis, tó kàwé, tó di lọ́yà. Ará Amẹ́ríkà ni ìyá rẹ̀. Adékúnlé yẹn kò sì sọnù, ó wà láàárín àwọn orúkọ tí wọ́n fún ọmọ náà.

Eré họ́kì lọmọ yìí fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹ má rò pé họ́kì orí koríko tí wọ́n ń gbá nílé-ìwé wa ni mò ń wí o. Orí yìnyín ni tiwọn. Wọ́n á sọ omi di yìnyín nínú gbọ̀ngàn ńlá, àwọn agbábọ́ọ̀lù á wọ bàtà tí irin pẹlẹbẹ mímú wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á máa yọ̀ gèrè kiri bí ẹja nínú odò. Ènìyàn mẹ́fà ló ń wà lójú eré ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, olùṣọ́lé wà nínú wọn. Ọ̀pá tó tẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n fi ń gbá nǹkan dúdú kan tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀kì. Rọ́bà líle ni pọ́ọ̀kì, ó rí róbótó, ó rí pẹlẹbẹ, ẹ sáà ní ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀. Íńṣì mẹ́ta ni láti etí kan dé èkejì, ó sì nípọn ní íńṣì kan. Wọ́n tilẹ̀ ń gbé e sínú ẹ̀rọ amúǹkan-dì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún bíi bọ́ọ̀lù. (Èmi tí mo ti yọ̀ ṣubú lórí símẹ́ńtì ilé tiwa rí, mo kí wọn kú iṣẹ́.)

Láti 1996 títí di 2013 ni Iginla fi gbá bọ́ọ̀lù yìí fún ẹgbẹ́ Calgary Flames, nọ́ńbà 12 ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, gòólù 625 ló ti gbá wọlé nínú líìgì ńlá tí wọ́n ń pè ní NHL. Ó gba góòlù Òlíńpíìkì fún Kánádà ní 2002, ó tún gbà á ní 2010. Ti 2010 yẹn, nígbà tí wọ́n ń bá Amẹ́ríkà jà á ní Vancouver, òun ló fi pọ́ọ̀kì ránṣẹ́ sí Sidney Crosby tí ìyẹn fi gbá gòólù tó parí ìjà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Calgary Flames gbé nọ́ńbà 12 kọ́ sókè àjà, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀ ọ́ mọ́ ní ẹgbẹ́ náà. Wọ́n yàn án sí Ilé Ọlá àwọn agbáhọ́kì ní 2020.

Ẹ wá wò ó báyìí. Ọmọ Ìbàdàn kan ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì lóru ní Calgary, òtútù ń mú un dé egungun, ó wá rí aṣọ pupa tí orúkọ Yorùbá wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ní ẹni tó ni orúkọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ sáìn ín. Ṣé ẹ ò rí i pé ọkàn rẹ̀ lè fà sí i?

OWÓ WÀ NÍDÌÍ RẸ̀ LÓÒÓTỌ́

Ìyá wa, orí ọmọ yín pé. Àwọn tó ń ra irú nǹkan báyìí pọ̀ rẹpẹtẹ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Àwa náà, bí ẹnìkan bá gbé agbádá tí Hubert Ògúndé wọ̀ nínú eré wá sí ọjà lónìí, tó sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òun náà ni, ṣé owó agbádá lásán la ó pè é? Kò sí ìyàtọ̀.

Ní 1972, Kánádà bá ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì gbá họ́kì ní ìfigagbága mẹ́jọ tí gbogbo ayé ń wò. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul Henderson ló gbá gòólù tó fún Kánádà ní ìṣẹ́gun ní Moscow, nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 34 péré kí eré parí. Ní 2010, wọ́n lu jẹ́sì tó wọ̀ lọ́jọ́ náà ní gbàǹjo, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Jẹ́sì tí Wayne Gretzky wọ̀ kẹ́yìn fún ẹgbẹ́ Edmonton ní 1988 náà lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ní 2022.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn owó wọ̀nyí kó yín lójú sódì o. Aṣọ tí àwọn ènìyàn yẹn fi làágùn lójú eré nìyẹn. Jẹ́sì tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù tí agbábọ́ọ̀lù kàn sáìn sí lára, ọjà ọ̀tọ̀ ni, ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan ni tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Pọ́ọ̀kì tí wọ́n sáìn tún wọ́n dínkù sí i. Àwọn onígbájú-ẹ̀ sì fẹ́ràn kí ẹni tó fẹ́ rà má mọ ìyàtọ̀ láàárín èkíní àti èkejì.

ÀWỌN TÓ Ń SÁÌN ORÚKỌ OLÓRÚKỌ

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ọlọ́pàá FBI ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, dọdẹ ẹgbẹ́ kan tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa sáìn orúkọ olórúkọ lọ. Operation Bullpen ni wọ́n pe iṣẹ́ ìdọdẹ náà, ní ọdún 2000 ni wọ́n kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. Ọkùnrin kan wà nínú wọn tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká débi pé kò sí ẹni tí kò lè sáìn bí i. Agbábọ́ọ̀lù ni o, òṣèré sinimá ni o, ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni o. Bọ́ọ̀lù tuntun ni wọ́n ń fi fáníìṣì kùn kó lè dà bí èyí tó ti gbó. Bí òórùn fáníìṣì bá wá fẹ́ tú wọn fó, wọ́n á rì í sínú àpò oúnjẹ ajá kí òórùn ìyẹn lè bò ó mọ́lẹ̀.

Ojúkòkòrò wọn pọ̀ débi pé wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù tí wọ́n ní Mother Teresa sáìn! Ẹ jọ̀ọ́, ìyá arúgbó tó ń tọ́jú aláìsàn ní Kòlíkátà, kí ló kàn án kan bọ́ọ̀lù? Bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn rà á. Ẹni tó ń sáìn yẹn ṣe ẹ̀wọ̀n tó lé ní ọdún mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí síbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Indiana kọ ọ́ sórí Facebook pé ayédèrú tí òun ti tà lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, pé sítíkà tó ń dán tí àwọn ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò fi ń mọ ojúlówó gan-an lòun ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Iye yẹn lè jẹ́ ìfọ́nnu. Sítíkà tó wí yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn, a ń bọ̀ wá bá a.

BÍ WỌ́N ṢE Ń DÁ A MỌ̀

Ẹ̀yin aláṣọ tó ń ka ìwé yìí, ẹ mọ sányán gidi yàtọ̀ sí òwú tí wọ́n rẹ láró. Bí ọwọ́ yín bá ti kàn án, ó tán. Alágbẹ̀dẹ wúrà kì í gba wúrà lọ́wọ́ ẹni láìfi ha òkúta. Olóńjẹ tó fẹ́ ra epo, á fi sórí ahọ́n wò. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn tó ń yẹ ìbuwọ́lùwé wò ń ṣe. Ojú àti sùúrù ni, kì í ṣe oògùn.

Ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé: ṣé ó tilẹ̀ lè rí bẹ́ẹ̀? Wọ́n á wo ọjọ́ tí ènìyàn náà kú, wọ́n á wo ọjọ́ tí nǹkan tó sáìn sí dáyé. Howie Morenz ti Montreal kú ní oṣù Kẹta ọdún 1937. Bírò tí gbogbo wa fi ń kọ̀wé lónìí, oṣù Kẹwàá ọdún 1945 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tà á fún ará ìlú ní New York. Bí ẹnìkan bá wá gbé fọ́tò Morenz wá tí wọ́n fi bírò sáìn, kí lẹ ó sọ fún un? Ṣé òkú ló jí? Máákà Sharpie tí gbogbo àwọn eléré ń lò báyìí, 1964 ló jáde. Georges Vézina, olùṣọ́lé tó kú ní 1926, kò fojú kàn án rí.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti àmì NHL. Tẹ́lẹ̀, àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ ọsàn ló wà lára àmì náà. Ní 2005 wọ́n yí i padà sí dúdú àti àwọ̀ fàdákà, wọ́n sì jẹ́ kí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa gòkè láti òsì lọ sí ọ̀tún. Maurice Richard, akọni Montreal tó gbá gòólù 50 nínú eré 50, kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000. Bí ẹ bá rí pọ́ọ̀kì tí àmì aláwọ̀ fàdákà yẹn wà lára rẹ̀, tí wọ́n sì ní Richard ló sáìn ín, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n ní iye tó jẹ́, ẹ máa bá tiyín lọ. Àwọn aṣọ náà rí bẹ́ẹ̀. Reebok ló bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú kan tó fún mọ́ra fún gbogbo NHL ní 2007, Adidas gbà á ní 2017, Fanatics gbà á ní 2024. Aránṣọ tó mọṣẹ́ á wo ọrùn aṣọ, á wo ojú abẹ́rẹ́ àti lébẹ́ẹ̀lì, á sọ ọdún rẹ̀.

Bébà pẹ̀lú ní tirẹ̀. Wọ́n ní iná aláwọ̀ aró kan, irú èyí tí báǹkì fi ń yẹ owó wò. Bébà òde òní máa ń tàn yòò lábẹ́ iná yẹn nítorí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú un funfun. Bébà ayé àtijọ́ á ṣú síbẹ̀. Àwọn gbájú-ẹ̀ tó gbọ́n mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya ojú-ìwé òfìfo inú ìwé àtijọ́ láti fi sáìn orúkọ òkú.

Ẹ ó wá sọ pé, Iginla wà láàyè, máákà wà, jẹ́sì rẹ̀ wà lọ́jà, gbogbo ọgbọ́n ọjọ́ orí yìí kò ràn wá lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ọwọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ń sáìn orúkọ ara rẹ̀ kì í ronú. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá ẹgbẹ̀rún. Máákà rẹ̀ á ti máa rìn kí ó tó kan aṣọ, á sì ṣì máa rìn nígbà tó bá gbé e kúrò, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìlà rẹ̀ máa ń tín-ín-rín bí ìrù eku. Ibi tó ti sáré á fúyẹ́, ibi tó ti yí á dúdú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ayédèrú, yíyà ló ń ya á, kì í ṣe pé ó ń kọ ọ́. Ó ń wo àpẹẹrẹ, ó ń tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Ìlà rẹ̀ á nípọn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, orí rẹ̀ á kúdúrú, ó lè gbọ̀n rìrì, ó sì lè dúró láàárín ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti dúró, kó gbé máákà sókè, kó tún fi lélẹ̀. Ẹ fi wé ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń fi ṣọ́ọ̀kì tẹ̀lé ìlà tí ọ̀gá ti fà. Ẹni tó bá fi awò tí àwọn atúnaago-ṣe ń kì sójú wò ó, á rí ibi tí ìlà ti já.

Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò á wá kó àpẹẹrẹ púpọ̀ jọ, èyí tí ó dá wọn lójú, láti ìgbà èwe ènìyàn náà dé ìgbà àgbà rẹ̀, nítorí ọwọ́ máa ń yí padà. Ọmọ ogún ọdún tí kò tíì ní orúkọ á kọ gbogbo lẹ́tà pé. Nígbà tó bá di gbajúmọ̀, tí igba ènìyàn ń na bébà sí i lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́tà méjì àti ìlà gbọọrọ kan ló máa kù. Àwọn kan wà tí kò jẹ́ kó bàjẹ́ o. Jean Béliveau, ọ̀gá Montreal tó kú ní 2014, títí ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ènìyàn fi lè ka orúkọ rẹ̀ ketekete bí ìwé tíṣà.

Kò tún yẹ kí a gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo èyí tí kì í ṣe ojúlówó ló jẹ́ iṣẹ́ olè. Láyé àtijọ́, bí lẹ́tà bá pọ̀ jù, akọ̀wé ẹgbẹ́ á bá agbábọ́ọ̀lù sáìn. Òǹtẹ̀ rọ́bà tí wọ́n fi orúkọ gbẹ́ wà. Ẹ̀rọ tó ń di gègé mú tó ń sáìn náà wà. Ó sì tún wà tí wọ́n tẹ ìbuwọ́lùwé mọ́ fọ́tò láti ilé ìtẹ̀wé, bí ẹ bá fi awò wò ó, ẹ ó rí i pé tótòtó kéékèèké ló para pọ̀. Bí ẹ bá yí i sí ìmọ́lẹ̀, yíǹkì gidi á dán yàtọ̀ sí bébà. Ti ilé ìtẹ̀wé kò ní yàtọ̀.

Ọ̀RỌ̀ SÍTÍKÀ

Ọjà yìí ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹlẹ́rìí. Àwọn kan, ojú wọn ni agbábọ́ọ̀lù ti ń sáìn. Upper Deck ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1992, òun ni Gretzky sì ti ń bá ṣiṣẹ́ tipẹ́. Ẹlẹ́rìí tó fojú rí nìyẹn. Àwọn mìíràn bíi PSA, JSA àti Beckett, lẹ́yìn tí wọ́n ti sáìn ín tán ni ẹ máa gbé e lọ bá wọn, tí ẹ ó sanwó, tí wọ́n á wò ó, tí wọ́n á sọ èrò wọn. Wọ́n á wá lẹ sítíkà tó ní nọ́ńbà mọ́ ọn, wọ́n á kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó.

Ojú tí ẹ fi ń wo ìyàtọ̀ láàárín "mo rí i nígbà tó ń ṣe é" àti "mo rò pé òun ló ṣe é" nílé ẹjọ́, ojú náà ni kí ẹ fi wo àwọn méjèèjì. Àwọn tó ń sọ èrò mọṣẹ́ gidi, àmọ́ ènìyàn ni wọ́n, wọ́n lè ṣì í.

Ní ti bébà ẹ̀rí tí ẹni tó ń tajà bá kọ fúnra rẹ̀, tó fi òǹtẹ̀ pupa lù, tó kọ "ojúlówó ni" sí, kò níye lórí. Ta ló máa gbé epo tó lábùlà wá sọ́jà tó máa kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì pé ó lábùlà?

OHUN TÓ Ń MÚ UN WỌ́N TÀBÍ KÍ Ó PỌ̀

Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, iye rẹ̀ kò dọ́gba. Gordie Howe, akọni Detroit tó kú ní 2016, kì í ṣẹ́ ènìyàn lọ́wọ́, ó sáìn fún tọmọdé tàgbà fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún. Tirẹ̀ pọ̀ lọ́jà, nítorí náà kò wọ́n bí orúkọ rẹ̀ ṣe tó. Vézina tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni ọdún 39 ni nígbà tó kú, láyé tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa fi bébà lé agbábọ́ọ̀lù kiri. Bí ẹ bá rí tirẹ̀ gidi, ilé ni ẹ rí he.

Wọ́n ń wo ibi tó sáìn sí pẹ̀lú. Nọ́ńbà funfun ẹ̀yìn jẹ́sì dára, nítorí dúdú á hàn kedere lórí funfun. Orí aṣọ pupa, ó lè máà hàn. Bí ó bá kọ "sí ọ̀rẹ́ mi báyìí-báyìí" sí i, iye rẹ̀ á wálẹ̀, nítorí ta ló fẹ́ ra ẹ̀bùn tí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíràn sí? Àfi bí ẹni yẹn náà bá jẹ́ gbajúmọ̀. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù. Ẹni tó bá gbé e kọ́ sí iwájú fèrèsé, lọ́dún díẹ̀, máákà dúdú á di àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì.

Ti aṣọ tí wọ́n ní agbábọ́ọ̀lù wọ̀ gbáhọ́kì, ó ní ìṣirò tirẹ̀. Fọ́tò ọjọ́ eré ni wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, wọ́n á máa wá ojú ọgbẹ́ kan náà. Ibi tí ọ̀pá ti fà á ya, ibi tí pọ́ọ̀kì ti fi dúdú sí, ibi tí aránṣọ ẹgbẹ́ ti fi abẹ́rẹ́ dí ihò. Kò sí ihò méjì tí ojú abẹ́rẹ́ wọn jọra délẹ̀, ẹ̀yin télọ̀ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

JẸ́SÌ ỌMỌ ÌYÁ WA ŃKỌ́?

Mo gba nọ́ńbà ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo pè é. Ọmọ tó níwà ni, "ẹ ẹ̀ káàsán sà" ló fi bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òru ni lọ́dọ̀ tiwọn. Ó fi fọ́tò jẹ́sì náà ránṣẹ́ sí mi. Aṣọ pupa tó dára ni, 12 funfun gàdàgbà lẹ́yìn rẹ̀, ìbuwọ́lùwé dúdú lórí nọ́ńbà, sítíkà kékeré tó ń dán lábẹ́ rẹ̀.

Mo bi í pé, "Bàbá, níbo lo ti rà á?" Ó ní lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó polówó rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ni wọ́n ti pàdé. Ọkùnrin náà sọ fún un pé àwọn tó mọjà ń tà á ní 1,500 dọ́là, owó ilé-ìwòsàn ìyàwó òun lòun ń wá lòun ṣe fẹ́ gbà á ní 700. Káàdì báǹkì ńkọ́? Rárá, ó ní owó lọ́wọ́ lòun fẹ́. Ara mi ti bù máṣọ nígbà yẹn.

Mo ní kó ka nọ́ńbà sítíkà náà sínú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ni ín, lórí fóònù rẹ̀, kí a jọ wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ o." Inú mi ti fẹ́ dùn. Ó wá ní, "Àmọ́ wọ́n ní fọ́tò ni. Fọ́tò agbábésíbọ́ọ̀lù kan ní Amẹ́ríkà."

Ẹ rí nǹkan. Ẹni tó ṣe ayédèrú náà mú nọ́ńbà gidi láti ara nǹkan gidi, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí sítíkà ayédèrú tirẹ̀. Ẹni tó bá rí sítíkà nìkan á gbà á gbọ́, ẹni tó bá rí i pé nọ́ńbà wà nínú ìwé náà á gbà á gbọ́. Àfi ẹni tó bá kà á parí.

Ó ṣì gbé e lọ fún àyẹ̀wò, nítorí ìrètí kì í tètè kú. Wọ́n dá a padà fún un pé kò kọjá. Ìlà náà lọ́ra, wọ́n ní, ó sì dúró lẹ́ẹ̀mejì níbi tí ọwọ́ Iginla kì í ti í dúró. Ó fi tó ọlọ́pàá létí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ọkùnrin yẹn fi pè é kò lọ mọ́. Owó tó bá jẹ́ káàdì ló fi san án, ó ṣeé ṣe kí báǹkì bá a jà á gbà. Owó lọ́wọ́ kò ní ẹ̀yìn.

Mo bi í bóyá ó máa gbé e ta fún ẹlòmíràn, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí àdánù lè kúrò lọ́rùn wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni mo fẹ́ tà á fún? Ẹlòmíràn tó ń fọ ilẹ̀ bíi tèmi?" Òun ló ń wọ̀ ọ́ báyìí bó bá ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Jẹ́sì náà gbóná, ó ní.

Lẹ́tà kejì ìyá náà dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì bá ọmọ rẹ̀ jà. Ó ní ọmọ náà ti tún bẹ̀rẹ̀ sí kó owó páànù jọ, 100 dọ́là àkọ́kọ́ ti wọlé. Ohun kan ṣoṣo ló ní kí a bá òun béèrè, pé nígbà tí kì í ti í ṣe Iginla ló kọ ọ́, ṣé nǹkan wà tí ọmọ òun lè fi fọ ìdọ̀tí yẹn kúrò lára aṣọ? Mo bi alágbàfọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá. Ó ní kó fi òwú bọ sípírítì, kó máa fi tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó má fi ra á. Ó ní díẹ̀ nínú rẹ̀ á jáde, kó sì má jẹ́ kí búlíìsì kan ibi tó pupa.